Wọ́n fẹ́ yẹ jíìnì jẹjẹrẹ ojú ọkọ mi wò: ṣé ká gbà, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìyá Fọlá, Birkenhead:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Òyìnbó ni ọkọ mi, ẹni ọdún 52. Lóṣù kẹta ó lọ ṣe gíláàsì tuntun. Ẹni tó yẹ ojú rẹ̀ wò ní òun rí nǹkan dúdú kan lẹ́yìn ẹyinjú òsì, ojú ẹsẹ̀ ló sì kọ lẹ́tà pé kí ó lọ rí dókítà. Melanoma ni, irú jẹjẹrẹ kan. Awọ ara ni mo rò pé ìyẹn ń mú, n ò mọ̀ pé ó ń wọ inú ojú. Wọ́n ti rán àwo kékeré kan tó ní ìtànṣán mọ́ ẹ̀yìn ẹyinjú náà, ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ojú náà ò fọ́, àmọ́ kò ríran bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ àná ó ń da omi gbígbóná sí ife tíì mi, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń dà á sí, kò sì mọ̀ títí omi fi dé etí tábìlì. Mo gba kẹ́tù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì ò sọ nǹkan kan.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n rán àwo yẹn mọ́ ọn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà. Wọ́n wá fún wa ní fọ́ọ̀mù: ṣé a fẹ́ kí wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, ká lè mọ̀ bóyá ó lè ràn dé ẹ̀dọ̀? Dókítà sọ ọ́ gbangba pé èsì náà ò ní yí ìtọ́jú ojú padà. Ọkọ mi ní òun ò tiẹ̀ mọ èwo lòun fẹ́. Ọmọ méjì la bí, ọdún 14 àti 9. Bí èsì bá burú, ṣé àwọn ọmọ mi ti jogún ẹ̀ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ojú, Leeds:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Fọlá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìtọ́jú ojú niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù yín ti ń wá. Jíìnì inú kókó yàtọ̀ sí jíìnì tó bá ọkọ yín wáyé. Ti inú kókó nìkan ni fọ́ọ̀mù ọwọ́ yín ń béèrè.

Lẹ́yìn ojú, awọ kan wà tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ dúdú wà. Lọ́jọ́ kan, jíìnì GNAQ tàbí GNA11 á bàjẹ́ nínú ọ̀kan nínú wọn. Á wá dà bíi súìsì iná tó há: ó tàn, kò ṣeé pa, sẹ́ẹ̀lì ò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi mọ́. Ó ju 80 lọ nínú 100 kókó irú èyí tí wọ́n ń bá ọ̀kan nínú méjèèjì. Àmọ́ ìyẹn nìkan kò sọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí. Kódà, àmì dúdú lásán tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tó wà lẹ́yìn ojú àwọn ẹlòmíì, máa ń ní in.

Kromosóòmù kẹta ni wọ́n fẹ́ wò; kromosóòmù ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn jíìnì tò lé lórí. Méjì ló yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Orí rẹ̀ ni jíìnì BAP1 wà, èyí tó ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu. Bí kókó bá sọ ẹyọ kan nù, tí BAP1 orí èyí tó kù tún bàjẹ́, ìjánu já nìyẹn. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ló sábà ń ràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá lọ, ẹ̀dọ̀ ló sì fẹ́ràn jù: nínú àwọn 10 tó bá ràn lára wọn, bíi 9 ló máa dé ẹ̀dọ̀. Bí kromosóòmù kẹta bá pé méjì, ọkàn á balẹ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí dókítà tó máa fọwọ́ sọ̀yà.

Inú ojú nìkan ni gbogbo ìbàjẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tó ti dàgbà. Ọmọ kì í jogún ẹ̀.

Bàbá Ìjọ, Peckham:
Ọmọ mi, má jẹ́ kó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ gbàdúrà. Mo ní àgbo kan tó ń fọ ẹ̀dọ̀, màá fi ránṣẹ́ sí ọ.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Leeds:
Àmín sí àdúrà yín, Bàbá. Àgbo yẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dá dúró. Ẹ̀dọ̀ ọkùnrin yìí gan-an ni wọ́n á máa ṣọ́. Bí àgbo bá da èsì ẹ̀jẹ̀ rú, ta ló máa mọ ohun tó fà á?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Luton:
Àǹtí, èmi fúnra mi ni àìsàn yìí ṣe. Òyìnbó, pàápàá olójú búlúù, ló sábà ń mú. Kì í sábà mú aláwọ̀ dúdú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nígbà tí mò ń sọ pé nǹkan ń kọ mànà bíi mànàmáná lójú mi. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti ju ohun tí àwo ìtànṣán lè ká lọ. Wọ́n yọ ojú náà. Ọdún kẹfà rèé.

Wọ́n gé e wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan rí gbọọrọ, orí àti ìdí wọn ṣe ṣóńṣó, àwọn yẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tóbi, wọ́n rí róbótó, àwọn ló burú. Àdàlù ni tèmi, kromosóòmù kẹta sì ku ẹyọ kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ fún mi. Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀ mi, wọn ò tíì rí nǹkan kan. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo mọ̀, mo mú ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú Òde lọ́dún yẹn, a sì jókòó ti ara wa fún oṣù mẹ́ta.

Oògùn kan tún wà fún ẹni tó bá ti ràn lára rẹ̀, tebentafusp. Nígbà tí wọ́n dán an wò, nínú 100 tó gbà á, 73 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tó jẹ́ 59 nínú àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn. Àfi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ irú kan tí wọ́n ń pè ní HLA-A*02:01 nìkan ló wà fún. Wọ́n yẹ tèmi wò, n kò sí lára wọn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ kò ṣẹ̀ o. Ọkọ yín ló lójú, Àǹtí. Ẹ má bá a fọwọ́ sí i.

Ìyá Fọlá, Birkenhead:
Ẹ ṣeun. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta, Ọmọ Ìjẹ̀bú, omi ń bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn níbi tí ẹ ti dárúkọ BAP1, mo rí i nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Wọ́n kọ mesothelioma sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tó pa bàbá ọkọ mi nìyẹn, jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ti ṣiṣẹ́, gbogbo èèyàn ní asbestos ló fà á. Àbúrò bàbá náà, obìnrin, ní melanoma awọ ara.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Leeds:
Ẹ ṣeun tí ẹ rántí. Ó yẹ kí n ti béèrè kí n tó sọ pé ọmọ kì í jogún ẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà tí BAP1 tó bàjẹ́ ti bá wọn wáyé, nínú gbogbo ara. Jẹjẹrẹ ojú, ti awọ ara, ti kíndìnrín àti mesothelioma ló sábà ń yọ láàárín wọn. Kò wọ́pọ̀: nínú 100 tó ní melanoma inú ojú, bíi 1 tàbí 2 ni. Asbestos nìkan sì tó láti fa ti bàbá. Síbẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí, ti bàbá àti ti àbúrò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà fún ìyẹn, fọ́ọ̀mù rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á sì jókòó bá yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Bó bá ní in, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bóyá ó jogún ẹ̀ tàbí kò jogún ẹ̀. Ẹni tó bá jogún ẹ̀, wọ́n á máa yẹ ojú àti awọ ara rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè tètè rí nǹkan nígbà tó ṣì kéré.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Luton:
Ẹ bá èyí ọdún 14 yẹn sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ mi ọkùnrin ti ka tèmi lórí fóònù kí n tó lanu, ó sì dùn ún gan-an.

Ìyá Fọlá, Birkenhead:
Ọkọ mi jókòó tì mí báyìí, mo ti túmọ̀ gbogbo ohun tí ẹ kọ fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun fẹ́ gba ti ẹ̀jẹ̀ nítorí àwọn ọmọ, òun á fi ti inú kókó sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí òun kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo ní ó dáa. Ó ti ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti àbúrò bàbá rẹ̀ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ó fi ọwọ́ kan bo ojú òsì kí ìlà má baà wọ́.