Ṣé onílẹ̀ lè gba gbogbo oko wa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé wá. Láti ayé bàbá bàbá wa la ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lórí oko kòkó wa nítòsí Oǹdó, a ò sì jẹ wọ́n ní gbèsè rí. Àfi bí àbúrò bàbá mi ṣe ta apá kan ilẹ̀ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó tún fọwọ́ sí ìwé pé ogún wa ni. Ìyẹn gan-an ló bí àwọn onílẹ̀ nínú. Wọ́n ní a ti pàdánù gbogbo rẹ̀, títí kan kòkó tí màmá mi fọwọ́ ara wọn gbìn. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi náà.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá sẹ́ onílẹ̀ lè pàdánù ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 ò sì sọ wá di onílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé adájọ́ lè ṣàánú, kó ní ká san owó ìtanràn dípò rẹ̀.

Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká kó àgbà lọ bẹ̀bẹ̀ ná, àbí ká gba lọ́yà? Tá a bá bẹ̀bẹ̀, ṣé wọn ò ní í fi mú wa ní kóòtù?