Hẹlikọ́pítà àti ìdóòlà ẹ̀mí lórí òkè gíga: ibi tí ewu fara pamọ́ sí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́, torí òun ni hẹlikọ́pítà ń tẹ̀ kó tó lè rábàbà. Lẹ́bàá òkun, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mítà 1 wúwo tó kílò 1.2. Ní 6,000 mítà, kò ju nǹkan bíi kílò 0.66 lọ. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń mu, nítorí náà agbára ń dínkù níbi tí iṣẹ́ ti ń le sí i. Ìdí rèé táwọn awakọ̀ ní Nepal fi ń tú àga sílẹ̀, tí wọ́n ń bu epo ìwọ̀nba, tí wọ́n sì ń gbé èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Madan Khatri Chhetri ṣe ṣe é nìyẹn lóṣù karùn-ún ọdún 1996, lókè ibi yìnyín tí wọ́n ń pè ní Khumbu Icefall ní Everest: ó gbé agunkè kan, Makalu Gau, sọ̀kalẹ̀, ó tún padà wá gbé agunkè kejì, Beck Weathers.

Àwọn kan á ní ṣebí awakọ̀ ọmọ Faransé kan, Didier Delsalle, bà sórí ténté Everest lọ́dún 2005. Òótọ́ ni, 8,848 mítà. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ó sì dúró de ojú ọjọ́ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ dá kò ráàyè ìyẹn.

* * *

Ẹ tún wo bí ilẹ̀ ṣe rí. Tí ọkọ̀ bá súnmọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀ á gbà á dúró bíi tìmùtìmù. Ní ti hẹlikọ́pítà AS350, tí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10.69, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tó bá ti ga tó ìbú abẹ̀bẹ̀ náà. Lójú ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣe ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń ṣàn lọ bí omi orí páànù.

Èyí tó tún burú ni kí ọkọ̀ máa já wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ rìn síwájú. Á bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀. Bí awakọ̀ bá fi agbára kún un, ńṣe lá túbọ̀ máa rì. Àfi kó dorí ọkọ̀ kọ iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ kó sá jáde, àárín àfonífojì tóóró kì í sì í fàyè gba ìyẹn.

* * *

Yìnyín lẹ́búlẹ́bú ńkọ́? Lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1956, hẹlikọ́pítà Sikorsky S-58 kan lọ gbé agunkè méjì, Jean Vincendon àti François Henry, tí wọ́n há sórí òkè Mont Blanc ní Faransé, ní nǹkan bíi 4,000 mítà. Bó ṣe ń bà, abẹ̀bẹ̀ gbé yìnyín dìde, ojú awakọ̀ funfun báláú, ọkọ̀ sì já. Àwọn olùdóòlà wá di ẹni tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa dóòlà. Hẹlikọ́pítà Alouette II ló kó wọn kúrò lọ́jọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1957. Inú àwókù ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjèèjì sí, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Lóde òní, ẹni tó wà nílẹ̀ á fẹsẹ̀ tẹ yìnyín náà kó le, á kó gbogbo ohun tó lè fò mọ́lẹ̀, á wá kúnlẹ̀ síwájú ibi tí ọkọ̀ máa bà. Kó má mira. Òun ni awakọ̀ máa tẹjú mọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá di funfun.

* * *

Níbi tí kò bá sáyè àtibà, okùn gígùn tí ọkọ̀ ń sọ sísàlẹ̀ ló kù. Ẹ má di ìkọ́ rẹ̀ mú kó tó kan ilẹ̀, torí iná tó kó sára ọkọ̀ lójú òfuurufú lè gbé yín. Ewu tó ga jù ni kéèyàn so mọ́ ọkọ̀ kó sì tún wà lórí ìdè mọ́ òkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí agunkè ọmọ Slovenia, Tomaž Humar, nìyẹn lórí òkè Nanga Parbat ní Pakistan, oṣù kẹjọ ọdún 2005: ó ti fi ìkọ́ há ara, àmọ́ kò tíì tú okùn tó so ó mọ́ yìnyín. Ọkọ̀ ń fà, òkè náà ń fà. Okùn ọ̀hún ló já, ká ní kò já ni, ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ìbá wálẹ̀. Nítorí náà, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Há ìkọ́, gé okùn tó so èèyàn mọ́ òkè, ká tó juwọ́ sí awakọ̀. Tí ìka bá ti dì, olùdóòlà gbọ́dọ̀ bá okùn sọ̀kalẹ̀ wá ṣe é.

* * *

Ẹ fi ti àmì kún un. Apá méjèèjì sókè bíi Y: a nílò yín. Apá kan sókè, èkejì sísàlẹ̀: a ò nílò. Ẹ má fi ìdùnnú ju apá kan ṣoṣo sókè o, awakọ̀ lè kọjá lọ.

Tó bá ti bà, ẹ má gba ẹ̀yìn lọ, abẹ̀bẹ̀ ìrù kì í hàn sójú tó bá ń yí. Ẹ má sì gba apá òkè sọ̀kalẹ̀ wá bá a, torí ibẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ orí ti súnmọ́ ilẹ̀ jù. Apá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, níbi tí awakọ̀ ti ń rí yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ apá òkè lẹ wà, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹnìkan á sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ wá mú yín.