Irú àmì ìpolongo wo ló yẹ olùdíje?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ díje fún ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ ní kí n bá òun ya àmì ìpolongo. Mo mú lẹ́tà méjì tó ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀, mo lọ́ wọn mọ́ra, mo sì fi àwọ̀ mẹ́rin kùn wọ́n. Ó wù mí lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ nígbà tí mo fi han ìyá mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá béèrè bóyá ìwọ̀ apẹja ni. Kí ni àmì gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ṣiṣẹ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ọmọ mi, ìbéèrè ìyá rẹ gan-an ni ìdáhùn. Ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group nígbà ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àkùkọ ni ti NCNC, ẹṣin sì ni SDP fi polongo fún Olóyè MKO Abíọ́lá ní 1993. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ wọn fún un. Kíá ló pè wọ́n ní ọlọ́pẹ, alákùkọ àti ẹlẹ́ṣin, bí a ti ń pe PDP ní alábùradà àti APC ní onígbálẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dán àmì wò: bí ẹnu aráàlú kò bá lè sọ ọ́ di orúkọ, kò tíì jinná. Ìgbálẹ̀ tilẹ̀ ní àǹfààní kan sí i, nítorí pé ilé la ti mọ̀ pé ẹyọ kan kò lè gbálẹ̀ àfi tí a bá dì í ní ìdì, èyí tó bá ẹgbẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn parapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2013 mu rẹ́gí.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Àwọ̀ mẹ́rin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ dín àmì náà kù títí yóò fi kéré bí èékánná àtàǹpàkò, ẹ fi dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì nà án sí ẹni tó jókòó lódìkejì tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin wa kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́ láàyè, orúkọ ìkékúrú àti àmì ẹgbẹ́ nìkan ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, sì ń tẹ̀ sínú ìwé ìdìbò. Ní 2019, olùdíje 73 ló dupò ààrẹ, ìbò tó bàjẹ́ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Mo ti tẹ pósítà kan rí tí ojú olùdíje gba gbogbo ìwé, tí àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Lẹ́yìn ìdìbò, ìyá kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé òun wá ojú ọmọkùnrin náà nínú ìwé ìdìbò, òun kò rí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Chicago: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n kí a má lé lẹ́tà dànù pátápátá. Lẹ́tà O ni ayàwòrán Sol Sender àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbí fi ṣe àmì Obama fún ìdìbò 2008, síbẹ̀ oòrùn tó ń yọ lórí oko ni ojú ń rí kó tó rí lẹ́tà. Àmọ́ orúkọ olùdíje ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìdìbò ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹrù tó wà lórí àmì yẹn fúyẹ́ ju ti Nàìjíríà lọ.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an ni. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù ní agbègbè tó fẹ́ ṣojú, nítorí náà ọkọ́ ni mo ń yà báyìí, ní dúdú nìkan. Àmì ẹgbẹ́ ni yóò wà lókè, yóò sì tóbi jù ú lọ. Lọ́la ni màá mú un lọ fún ìyá mi, n kò sì ní sọ nǹkan kan títí wọn yóò fi pè é lórúkọ.