Kí ni ká máa pe CPR: ìsọjí ọkàn tàbí títẹ àyà?

CPR ni ìtọ́jú pàjáwìrì tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró: wọ́n á máa tẹ àyà rẹ̀, wọ́n á sì máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Orúkọ tí àwọn kan dábàá fún un, ìyẹn "ìsọjí ọkàn", ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó ti kéde pé aláìsàn jí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí eré dókítà orí tẹlifíṣọ̀n fi ń tan èèyàn náà nìyẹn.

Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí Diem, Lantos àti Tulsky gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Apá 97 ni wọ́n wò nínú ètò tẹlifíṣọ̀n ER, Chicago Hope àti Rescue 911, wọ́n sì rí CPR níbẹ̀ nígbà 60. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ yè é. Ní Amẹ́ríkà gangan, tí ọkàn èèyàn mẹ́wàá bá dúró níta ọsibítù, bí ẹnì kan ló ń yè.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń gbé lé àárín àyà, wọ́n á na apá gbọọrọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá pé 30, wọ́n á fẹ́ èémí méjì. Àyà gbọ́dọ̀ gbéra padà pátápátá, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń wọnú ọkàn. Tó bá ti rẹ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í wọlé tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Eegun ìhà sì lè kán. "Títẹ àyà" ni mo fara mọ́: ó sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kò ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlànà ìlera. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù DNACPR ("Do Not Attempt CPR") wà fún aláìsàn tí títẹ àyà ò ní ṣe láǹfààní. Tí ọmọ Yorùbá bá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ sí "ẹ má sọ ọ́ jí", ìyá tó ti ń wo eré wọ̀nyí á gbà pé ìjọba fẹ́ pa àgbàlagbà ni. "Ẹ má gbìyànjú títẹ àyà" ló bá a mu, torí ìgbìyànjú wà nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà, oògùn àti ìtọ́jú yòókù sì ń bá a lọ.

Ìsọjí ṣì wúlò. Ẹ jẹ́ ká fi pe ìgbà tí ọkàn bá padà ń lù fúnra rẹ̀, torí àwọn dókítà máa ń kọ ìyẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú aago tó ṣẹlẹ̀.