Afẹ́fẹ́ ni mo fojú kéré: ìrírí wa lórí airbrush àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan nínú wa béèrè irú airbrush (irinṣẹ́ bíi kálámù tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà) tí òun lè kọ́kọ́ rà láti fi kun àwọn ọkọ̀ òfurufú oníke tí à ń tò, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ bí tèmi ṣe rí, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo náwó sórí ohun tó yẹ kí n rà lẹ́ẹ̀kan.

Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, nínú fúláàtì tí ògiri rẹ̀ kò nípọn. Ọkọ̀ òfurufú ogun Spitfire tí ilé iṣẹ́ Airfix ṣe, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú 72 ti ojúlówó, ni mo kọ́kọ́ tò. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kùn ún, ipa irun búrọ́ọ̀ṣì sì hàn lára rẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá. Ìyẹn ló mú mi ra àpótí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí airbrush mẹ́ta àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kan (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú airbrush) wà nínú rẹ̀, ní iye tí kò tó ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ olórúkọ ń ṣe ní Japan tàbí Jámánì.

Ká sọ tòótọ́, airbrush ọ̀hún kò burú. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde. Bí mo bá wá fà á sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á sún, ọ̀dà á sì tẹ̀ lé afẹ́fẹ́. Orí rẹ̀ ni ago ọ̀dà wà, ihò ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 0.3, èyí tó bá iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mu.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló fojú mi rí màbo. Kò ní táǹkì, nítorí náà bí písítìnì rẹ̀ ṣe ń lù ni ọ̀dà ń jáde, bí ẹni tó sáré dé tó ń mí hẹlẹ. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ fi gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gbé omi pamọ́ sínú, àti pé bó bá ti tutù nínú rọ́bà tó gbé e lọ sí airbrush, omi náà á yọjú. Lọ́jọ́ kan mò ń kun ìyẹ́ apá òsì ní àwọ̀ ewé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ lọ́kàn ara mi pé ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, ni airbrush bá ta ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí àárín ìyẹ́. Omi náà ti ọ̀dà tútù sẹ́yìn yíká, ó di òrùka, ike aláwọ̀ eérú sì yọjú láàárín rẹ̀ bí ẹyinjú. Bí mo ti ń wò ó ni aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi lu àjà rẹ̀ nítorí ariwo.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kejì tí mo rà ní táǹkì lítà 3, ó ní gééjì tí a fi ń díwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ó sì ní ago kékeré tó ń gba omi sílẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀ bí táǹkì bá dé nǹkan bíi 4 bar (bar àti psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́; bar kan tó nǹkan bíi psi 14.5), kò sì ní tàn títí yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3. Airbrush olówó pọ́ọ́kú yẹn kan náà ni mo so mọ́ ọn, mo fi gééjì sí 15 sí 20 psi, mo po ọ̀dà kí ó ṣàn bíi wàrà, ó sì fín jẹ́jẹ́ bí ìrì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí owó kò bá tó ra ojúlówó méjèèjì, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni kí ẹ nawọ́ sí. (Ẹ yẹ ẹnu rọ́bà náà wò pẹ̀lú o, tèmi kò bá ìdí airbrush mu, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dúró de irin kékeré tó so wọ́n pọ̀.)

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbàdàn ni èmi wà, iná ni ìṣòro tèmi. Kí n tó lówó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà sìpéà ni mo fi kun ọkọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo gbé e lọ bá fọganáísà tó wà níwájú ilé wa, mo ní kó fún un ní 40 psi. Ó bi mí pé mọ́tò wo ni ó wà fún, mo ní ọkọ̀ òfurufú ni. Títí dòní, “páílọ́ọ̀tì” ló ń pè mí. Afẹ́fẹ́ táyà kì í pariwo, kì í sì í mí hẹlẹ, àmọ́ bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọ̀dà ń rí yanrìn yanrìn lójú ike, omi ìpẹtà inú táǹkì fọganáísà sì wà nínú rẹ̀ títí mo fi ra ago agbomi tí ẹ sọ yẹn. Mo ti ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ onítáǹkì báyìí; jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa ń gbé e dáadáa.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ airbrush olówó pọ́ọ́kú tán. Níbi tí mo ti ń fọ tèmi, abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi orí sọlẹ̀. Ojú lásán kò rí i pé ó tẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi í yí lórí ìka, tí mo sì rí i pé ọ̀dà ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wá abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí, ẹni tó tà á fún mi sọ pé àwọn kì í tà á lọ́tọ̀. Odidi airbrush ni mo tún rà nítorí irin tí kò nípọn tó òwú.