Láti Abẹ́òkúta sí etíkun lópin ọ̀sẹ̀

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbi. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àtàwọn ọmọ á wà ní Abẹ́òkúta nínú oṣù Kejìlá. Wọ́n ti gun Olúmọ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, òkun ni wọ́n fẹ́ rí, pẹ̀lú àwọn odi táwọn òyìnbó kọ́ sétí omi láyé òwò ẹrú. Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú nìkan la ní. Ibo ni ká lọ?

Ọmọ Ìjeùn, Toronto:
Odi Elmina ní Gánà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn Potogí ló kọ́ ọ ní 1482, àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1637. Ògiri yẹn ṣì dúró digbí.

Bàbá Ìtòkú, London tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta báyìí:
Elmina dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò tó o láti Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ máa kọjá bodè mẹ́ta kó tó wọ Gánà.

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ọ̀nà tí ìlú wa gbà bá òkun pàdé nìyẹn. Àwọn Sàró, àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown, ọ̀pọ̀ wọn ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì kí wọ́n tó rìn wá sílé. Ibẹ̀ náà ni Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, gbà wá bá Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní oṣù Kìíní 1843. Ẹ mú àwọn ọmọ dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, kí ẹ wá mú wọn dé ilé Sẹ̀ríkí Abass, oníṣòwò ẹrú, kí wọ́n rí àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń há èèyàn mọ́. Ẹ má fi ìkánjú kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gbẹ́réfú, kí ẹ fẹsẹ̀ rin iyanrìn títí dé òkun. Ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà lọ nìyẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀. Ìgbì etíkun wa le, omi tó ń padà sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé èèyàn lọ, kódà ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa. Bó bá gbé ẹnì kan, kó má bá a jìjàkadì, kó máa wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí agbára omi yóò fi dẹ̀.

Odi òkúta ti òyìnbó kò sí ní Àgbádárìgì. Bó bá jẹ́ odi gan-an lẹ ń wá, ẹ lọ sí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ gba Ìlaròó lọ sí Ìdìrókò, ẹ ó yọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí Yorùbá ṣì ti ń ṣiṣẹ́ fún yín, lẹ́yìn náà Kútọnu. Odi Potogí tó wà ní Ouidah ti wà láti 1721, ọwọ́ wọn ló sì wà títí di 1961. Wọ́n ti ń tún un ṣe, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ó ṣí kí ẹ tó gbéra. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tó wá ká wa mọ́lé ní 1851 àti 1864, Ouidah ni èbúté tí ọba wọn ti ń ta àwọn tí wọ́n bá kó lẹ́rú.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Páàsìpọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ ní o, físà wọn sì jẹ́ ti wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Ìbarà, Dublin:
Ẹ má sọdá nígbà náà! Bí wọ́n bá ti jáde ní Ìdìrókò, físà yẹn ti parí nìyẹn. Ẹ bá wọn gba páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà bí àyè bá wà. Pẹ̀lú ìyẹn, wọn kò nílò físà ní Benin tàbí Gánà fún 90 ọjọ́. Ẹ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lóòótọ́ dání. Bí bàbá wọn kò bá bá yín lọ, kó kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ìwé ìbí wọn tì í. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Benin.

Ọmọ Aké, Accra:
Ẹ fi Gánà sí ìrìn àjò míì, ẹ̀gbọ́n. Bàálù láti Èkó sí Accra kò ju bíi wákàtí kan lọ, ọkọ̀ ló kù dé Cape Coast àti Elmina. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ní odi Cape Coast, orí àjà ilẹ̀ tí wọ́n há àwọn ọkùnrin mọ́ gan-an ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Ó wúwo lọ́kàn ọmọdé. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí àwọn apẹja lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kì í wọ òkun lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì:
Àgbádárìgì ni, ó ti parí. Bàbá, ṣé ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Bàbá Ìtòkú:
Rárá o. Ẹ sùn níbẹ̀. Ẹ kúrò ní Abẹ́òkúta ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ kí ẹ lè kọjá Sángo Ọ̀tà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni kí ẹ sọdá sí Gbẹ́réfú, kí oòrùn tó mú. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní òun kò ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó máa kárí gbogbo yín, ẹ wá ẹlòmíì.