Òṣùwọ̀n ni 60 inú J0897, kì í ṣe ẹyọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ti ka ìwé àlàyé tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ síbí, èyí tí wọ́n kọ fún àwọn ìyá wa àgbà tó ń gba abẹ́rẹ́ egungun ní Amẹ́ríkà, kí ohun tó wà nínú ìwé owó Medicare, ètò tí ìjọba ibẹ̀ fi ń san owó ìwòsàn àwọn àgbà, lè yé wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n pe yúníìtì, iye tí a ń kọ síwájú kóòdù nínú ìwé owó, ní "ẹyọ abẹ́rẹ́", wọ́n sì pe osteoporosis, àìsàn tó ń mú kí egungun tètè dá, ní "àrùn egungun jíjẹrà". N kò lè dákẹ́ lórí méjèèjì, nítorí kíkọ ìwé owó ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ ṣíwájú. J0897 ni kóòdù denosumab, oògùn tí wọ́n ń tà ní orúkọ Prolia. Mílígíráàmù 1 ni kóòdù náà dúró fún, kì í ṣe abẹ́rẹ́ 1. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá gún ìyá àgbà lábẹ́ awọ apá tàbí ikùn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, mílígíráàmù 60 ló wọ ara, nítorí náà 60 ni a ń kọ síwájú J0897. Gígún tí nọ́ọ̀sì gún un ní kóòdù tirẹ̀, 96372, iwájú ìyẹn sì ni a ń kọ 1 sí. Ohun tí à ń kà lẹ́yọ wà nínú ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ẹ̀gbọ́n fi ẹyọ sí. Ìyá kan tí wọ́n ka ìwé àlàyé yìí fún fi igbe ta: "Ẹyọ abẹ́rẹ́ ọgọ́ta kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọbìnrin yẹn gún mi!" Wọ́n ní kí ọmọ àwọn pe Medicare kíá, kí ó sọ pé olè ni dókítà. Ìyá náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tí a kà sí wọn létí gan-an ni wọ́n gbọ́.

Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣe àṣejù, kí ó wo Xgeva. Denosumab kan náà ni, J0897 kan náà ni, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti dé egungun ni wọ́n ń fún, 120 ni a sì ń kọ, nítorí mílígíráàmù 120 ni wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan. Ti Evenity, oògùn egungun mìíràn, tún hàn kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ: abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n ń gún tẹ̀lé ara wọn lóṣooṣù, mílígíráàmù 105 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 210 ni à ń kọ síwájú kóòdù rẹ̀, J3111. Bí yúníìtì bá jẹ́ ẹyọ abẹ́rẹ́, níbo ni 210 ti wá? Akọ̀wé owó tó bá gba ẹyọ gbọ́, tó sì kọ 1 síbi tí 60 yẹ kó wà, owó mílígíráàmù kan ló béèrè fún ilé ìwòsàn tó ti fi owó ara rẹ̀ ra gbogbo oògùn náà sílẹ̀.

Àwọn ìyá wa lọ́jà ń ka ọsàn lẹ́yọ, wọ́n sì ń wọn gàrí. Òṣùwọ̀n ni mo ní kí a pe yúníìtì: ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni, òun náà ló wà nínú Mátíù 7:2. Arákùnrin tó kọ ọ́ síbí ní "òṣùwọ́n", tó ní bí òun ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn, kí ó jọ̀wọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀: wọ̀n ni, tí a fi ń sọ pé "wọ́n wọ̀n ọ́n", tí ohùn rẹ̀ sì ń gòkè díẹ̀ nínú "wọn gàrí". Ohun tó gbówó lórí ló wọ́n, òun ló bí ọ̀wọ́n. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà máa ń ní kí a pe ọ̀rọ̀ tuntun sí etí àgbà tí kò kàwé kí a tó kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ̀gbọ́n ti rán wa létí pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀wé kà. Òótọ́ ni, mo júbà. Ṣùgbọ́n ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí a ti ń kọ ìwé owó sì ni a ti bí ọmọ yìí.

Ní ti jíjẹrà, kí ni ìyá tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá gba abẹ́rẹ́ ṣe tí a fi máa sọ fún un pé egungun rẹ̀ ń rà? M81.0 ni kóòdù àìsàn tí dókítà ń kọ fún osteoporosis ọjọ́ ogbó tí kò tíì dá egungun; bí ó bá ti dá a, ó di ẹ̀ka M80. Egungun náà ń fúyẹ́ nínú, ihò rẹ̀ ń fẹ̀, ìṣubú kékeré sì lè dá a. Kòkòrò àrùn tó wọ egungun tó fi ń ṣọyún ló sún mọ́ jíjẹrà, M86 sì ni tirẹ̀. "Egungun rírọ̀" tí ẹlòmíràn dábàá kò ṣe é lò náà, nítorí àìsàn mìíràn tó ń mú egungun rọ̀ wà ní M83. Egungun ẹlẹgẹ́ ni èmi fara mọ́. Ẹni tó ní eegun ni kí a kọ, kì í ṣe egungun, kò ṣẹ̀ mí, bí ó bá ṣáà ti fi ohùn tó yẹ sí i.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n kí wọ́n yọ ẹyọ abẹ́rẹ́ àti jíjẹrà kúrò kí wọ́n tó tẹ ìwé náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju òṣùwọ̀n lọ, kí ó mú un wá, kí ó sì kọ́kọ́ fi J3111 dán an wò.